Iyọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Èènì

Nínú gbogbo èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òyìnbó tó ni bùtíkì iyọ̀ ní Bassila gbọ́: èènì. Kò sì fẹ́ gbọ́ ọ rárá! Nítorí ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ tí Kassimou fi ṣe èènì fún arúgbó kan ló ṣe lé e lọ, tó wá gba Wassiou sípò rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni alákọrí òyìnbó náà máa ń jókòó sí, tí á máa dẹtí.

Ìyá Lamatou ti Manigri rìn dé. Ọ̀dá ti ba iṣu rẹ̀ jẹ́, agolo kan péré ni agbára rẹ̀ ká. Àánú ṣe Wassiou. Ó wọn iyọ̀, ó fi igi gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ bí òyìnbó ṣe pàṣẹ. Ó dà á sínú igbá ìyá, ó tún bu díẹ̀ sọ́wọ́, ló bá dọ́gbọ́n sín, ìyẹn náà sì dà sínú igbá.

"Háà! Iyọ̀ oníyọ̀!" Ìyá Lamatou ń bù ú padà.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Ó ti dà náà nìyẹn."

"Kí wọ́n lè pè mí lólè?"

Àga dún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Wassiou yára ṣẹ́jú sí i.

"Iyọ̀ kó sí ọ lójú ni?"

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan, Ìyá."

"O wá ń ṣẹ́jú sí mi? Èmi tí èmi àti ìyá rẹ jọ dàgbà!"

Òógùn bo Wassiou. Ó tún bu iyọ̀ díẹ̀ sínú igbá, ó ti igbá sí i láyà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

"O ń lé mi! Torí pé agolo kan ni mo rà!"

"Mi ò lé yín o!" Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí ìyá mi bá wọn èlùbọ́ fún yín tán, kí ló tún máa ń bù lé e?"

Ìyá Lamatou ronú. Ojú rẹ̀ là.

"Èènì!"

"Yéè! Ẹ má pè é!"

"Èènì ni, o ò sì sọ, o kàn ń sín, o ń ṣẹ́jú!" Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ará Manigri tó wà nítòsí, ẹ wá o! Wassiou ń ṣe èènì!"

Aṣọ ìkélé fà ya. Òyìnbó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Wassiou kò dúró gbọ́ nǹkan kan, fìlà rẹ̀ ló ń wá.

Ìyá Lamatou sáré padà, ó na igbá rẹ̀ síwájú, inú rẹ̀ dùn.

"Wassiou, sún! Ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá fi kún un!"