Ọjọ́ Tí Mo Ní Nǹkan Kan Ò Dun Bàbá

Ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ yìí, láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndo, kò sí ọ̀dọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìrora lára àgbàlagbà tó mi. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ìrora ọ̀hún jókòó síwájú mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní mínírà, mo sì ní mi ò rí i. Títí mo fi máa darúgbó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ò ní kúrò lọ́kàn mi.

Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Wọn ò lé mi ṣá; èmi àti ìwé la jọ fẹnu kò pé kí kálukú máa lọ. Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn. Wọ́n wo bí mo ṣe ń sùn dọ́sàn-án lórí àga wọn ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá kan ní Ìdímù ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, wọ́n ń dá gbé, wọ́n sì ti ṣe bíríkìlà títí orúnkún fi ní òun ò ṣe mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí orúnkún yẹn àti ìbàdí ti ń dùn wọ́n. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n ń lò ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá á máa fara dà á lọ nìyẹn.

"Bi wọ́n dáadáa o," Àǹtí kìlọ̀ fún mi. "Ohun tó o bá sọ ni mo máa sọ fún dókítà."

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ìyẹn nìkan?"

Mo dé Ìdímù, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Ara ńkọ́?"

"Ó le, a dúpẹ́."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Alhamdulilahi."

"Ìbàdí ńkọ́, sà?"

"A ò ráhùn."

Mo wá lo ọgbọ́n tí Àǹtí kọ́ mi. "Bàbá, tí òdo bá jẹ́ pé kò dùn yín rárá, tí mẹ́wàá wá jẹ́ èyí tó ń múni kígbe, mélòó lẹ máa fún un?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé wàá mu mínírà?"

Mo mu ún, mo sì kọ òdo sọ́kàn. Ẹ wò ó, ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀ pé tó o bá kí àgbà pé ara ńkọ́, bí kìnnìún bá tiẹ̀ ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á dúpẹ́? Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ mi ló gba ìsinmi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn á sìn mí. Mo bẹ̀ wọ́n títí. "Àlejò kì í dá jáde nílé mi," wọ́n ní. A dé oríta, mo ronú pé kò bójú mu kí n fi àgbàlagbà sílẹ̀ lójú títì, ni mo bá sìn wọ́n padà sílé. A délé tán, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo wá fẹ́ máa padà lọ?" Ni wọ́n bá tún tẹ̀ lé mi. Ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé sálúbàtà wọn ló tóbi jù. Ìdùnnú ni mo fi pe Àǹtí: "Òdo ni o! Bàbá yìí lè sáré dé Gowon Estate!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àǹtí dúró lé mi lórí.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi Bàbá ṣe? Ọmọ wọn pè mí. Látìgbà tí wọ́n ti sìn ẹ́ dé, wọn ò lè gbẹ́sẹ̀!"

"Àǹtí, wọ́n láwọn ò ráhùn."

"O kí wọn, wọ́n dá ẹ lóhùn. Ṣé kíkí ni mo rán ẹ? Ọ̀la ni Jímọ̀. Padà lọ, lọ wò wọ́n. Má la ẹnu ẹ o!"

Tí mo bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Bàbá á tún rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún wá mínírà. Ni mo bá gba ẹ̀yìnkùlé, mo gun búlọ́ọ̀kù, mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá fẹ́ dìde lórí àga. Wọ́n gbé ara sókè, wọ́n dúró, wọ́n tún jókòó. Wọ́n bu ètè jẹ. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Kò sẹ́rìn-ín kankan níbẹ̀. Ohun tí mo pè ní òdo rèé.

Ibi tí mo ti ń káàánú lọ́wọ́ ni ẹnì kan ti gbá mi mú ní bẹ́líìtì látẹ̀yìn.

"Olè! Olè rèé o!"

Ìyá Sọ́dìq ni, obìnrin tó ń gbé nílé kejì. Omorogùn ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn nọ́ọ̀sì ló rán mi!"

"Nọ́ọ̀sì ojú fèrèsé, àbí? Nọ́ọ̀sì orí búlọ́ọ̀kù!"

Èrò ti ń pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ mi láṣọ. Mo figbe ta: "Bàbá, ẹ wá sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ mí!"

Ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà. Ẹni tí mo ní nǹkan kan ò dùn ni mo ń retí pé kó wá gbà mí. Bí Bàbá bá gbé ẹsẹ̀ kan, omorogùn á balẹ̀ lórí mi. Bàbá á sinmi, omorogùn ò ní sinmi. Orí mi ni mo fi ka bí orúnkún wọn ṣe ń dùn tó.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, òógùn ti bò wọ́n. "Ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí èrò tú ká, mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó ń dùn yín gan-an ni."

Bàbá fara ti ilẹ̀kùn. "Ó ń dùn mí. Orí àga ni mo ti ń kírun. Tílẹ̀ bá mọ́, mo máa ń pẹ́ létí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lè dìde. Ṣùgbọ́n àlejò ni ẹ́ lánàá. Ta ló ń fi ìrora ṣe àlejò?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi àti Àǹtí bá wọn lọ. Dókítà ní, "Bàbá, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Mo fò dìde. "Dókítà, ẹ kí wọn ni o! Ẹ ní kí wọ́n dìde!"

Dókítà ní kí wọ́n dìde. Ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń di tábìlì mú, ó tẹ orúnkún yẹn wò, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kírun. Ó pààrọ̀ oògùn náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ tèmi ò gùn: tó o bá fẹ́ mọ ibi tó ń dun àgbà, wo bí wọ́n ṣe ń dìde, má fi kíkí ṣe ìbéèrè. Jọ̀ọ́, kó o sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Títí dòní, bí mo bá rántí, ọwọ́ mi á lọ sí orí, ẹ̀rín á sì pa mí.

Mo ṣì ń na ọrùn bí akọni nínú yàrá dókítà nígbà tó nawọ́ sí mi, tó sì bi Bàbá pé, "Bàbá, ọmọ yín nìyí?"

Bàbá ò tiẹ̀ wojú mi.

"Rárá o. Olè àdúgbò wa ni."