Irin Kò Mọ Àna

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín ló mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Irin kò mọ àna"? Ẹ máa ń fi bá ara yín wí, ẹ kò sì mọ ibi tó ti wá. Ẹ fetí sílẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà ní Ìgbàjọ tó ń jẹ́ Ọlájùwọ̀n. Bí o bá gbé irin tí kò bá ọkọ̀ rẹ mu wá, yóò dá a padà sí ọ lọ́wọ́, ìbáà ṣe pé ìjòyè ni ọ́. "N kì í fi eyín ewúrẹ́ sí ẹnu ajá." Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ni ó fẹ́ fẹ́. Bàbá Ìbídùn, awakọ̀ takisí tó ti fẹ̀yìn tì, kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní olórí ẹbí àwọn tó wà ní Ìrẹsì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. "Pijó àtijọ́ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ yẹn, tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, kí o fi gbé wa lọ. Bí a bá dé ibẹ̀ tiyìtẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Ọlájùwọ̀n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó wọn gbogbo ihò rẹ̀, ó sì mọ ohun tí yóò rà. Kí ó tó jáde, bàbá Ìbídùn dé, ó fa písítìn kan, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ihò ẹ́ńjìnnì, yọ lápò agbádá.

"Ti takisí mi nìyí. Fi sí i, kí ọwọ́ mi lè wà níbẹ̀."

Ọlájùwọ̀n gbé e wò. Ó wọ ihò náà, ṣùgbọ́n ó wúwo ju àwọn yòókù lọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí pé àna òun ni, ó bá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, sà."

Ìyá Ìbídùn gbọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ó mú gásíkẹ́ẹ̀tì kan, pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín ẹ́ńjìnnì, wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Àwọn ihò tó yẹ kí omi máa gbà kọjá lára rẹ̀ kò ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹ́ńjìnnì.

"Àbí kò dára ni, ọmọ mi?"

"Ó dára, mà." Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn gbé kabúrétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, wá, ó tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Ìyẹn náà gba ìdọ̀bálẹ̀ tirẹ̀.

Ìbídùn bi í pé, "Ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí bára mu?"

"Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn ti wá."

"Ẹbí wo?"

"Ẹbí tìrẹ."

Ẹ wo bí ìwà rere ṣe ń di irọ́ nígbà tó bá kúrò ní àyè rẹ̀.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Bàbá jókòó níwájú, àwọn yòókù wà lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ ti gbéra ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Fìlà bàbá bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló ń mì wá tìtì báyìí?"

"Ayọ̀ ni, sà."

Nígbà tí wọ́n ń gun òkè, èéfín dúdú bò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wúkọ́, ó ní, "Agbára kabúrétọ̀ mi nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí omi gbígbóná fi tú sókè, tó bo gíláàsì iwájú. Ọlájùwọ̀n fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná débi pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti pa òun. Ó ń dún gbì, gbì, gbì.

Bàbá Ìbídùn pariwo pé, "Pa á, Ọlájùwọ̀n."

"Mo ti pa á, sà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí."

"Ta ló wá ń wà á?"

Gbogbo wọn fò jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú tán, wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà olórí ẹbí, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá arúgbó náà wò wọ́n títí kó tó dá wọn mọ̀. Wọ́n ròyìn fún un.

Ó kọjú sí Ọlájùwọ̀n. "Ìwọ kò mọ̀ pé wọn kò bára mu?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Àna mi ni wọ́n, sà."

"Àna rẹ ni wọ́n lóòótọ́. Ṣé àna ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n?"

Bàbá arúgbó ní, "Tú u níbí. Dá ohun oníkálùkù padà fún un, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Dúró ṣánṣán, má dọ̀bálẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, máa lọ láìsí ọmọ wa. Ẹni tí kò lè kọ písítìn, báwo ni yóò ṣe dáàbò bo ìyàwó?"

Ọlájùwọ̀n tú u. Ó na písítìn sí bàbá Ìbídùn, kò dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ó wúwo jù. Kò bá a mu."

Bàbá Ìbídùn gbà á, ó nu ojú rẹ̀ tó dúdú. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ń retí pé kí o sọ ọ́."

Ó dá ti ìyá àti ti ẹ̀gbọ́n padà bákan náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fi Ìbídùn fún un. Nítorí náà, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún àna yín dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹ wọn irin yín kí ẹ tó dì í. Irin kò mọ àna.