Ààwẹ̀ Àìsọ̀rọ̀ Tí Mo Gbà Lọ́sẹ̀ Ìdánwò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti gbìyànjú títí láti lé e lọ. Àwọn èèyàn a máa sọ pé tí ọdún bá ti gorí ọdún, ohun tó dun èèyàn á di ẹ̀rín. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Nígbà náà, ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìnísà. Ìkìrun ni mò ń gbé, ọkọ̀ ni mò ń wọ̀ lọ láràárọ̀. Olùrànlọ́wọ́ ló ń nu ikun imú, òun ló ń gbé póò, òun ló ń pààrọ̀ ṣòkòtò ẹni tó bá tọ̀ sára. Ẹlòmíì ló ń kọ́ni. Mo mọ gbogbo orin wọn, mo mọ ọmọ tó máa sunkún kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò níwèé ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ olùkọ́ ọmọdé ní sẹ́ńtà kan ní Òkukù, níbi tí a ti ń lọ ní Sátidé-Sátidé. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà nígbà tí obìnrin tó ni ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní tíṣà àwọn ọlọ́dún mẹ́ta ti ń kó lọ sí Ìlọrin, pé tí mo bá lè yege kí sáà tuntun tó wọlé, kíláàsì náà di tèmi.

Ẹ̀kọ́ náà ò le. Kí n fọkàn sí i ló le. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ Aládùúrà wa, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì tún jẹ́ ìyàwó ilé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òun ò ráyè. Tí àwọn ẹbí ọkọ mi bá ń sọmọ lórúkọ ní Eko Ende, èmi ni wọ́n á ránṣẹ́ sí pé kí n wá dúró ti ìkòkò. Fóònù mi kì í sì í sinmi. Gbogbo ìjà inú ìjọ, orí fóònù mi ni wọ́n ti máa ń parí rẹ̀.

Sátidé kan báyìí, ìdánwò kékeré wà ní Òkukù. Mo dé gáréèjì Ìkìrun, mò ń gbọ́ ohùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù nípa ẹni tó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo bá wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ń pe èrò. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, a ti ń wọ Òṣogbo. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà Òkukù, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà Òṣogbo, Òṣogbo yìí ni wọ́n sì bí mi sí. Mo bi awakọ̀ bóyá ó dá a lójú pé Òṣogbo nìyí. Ó ní ó dá òun lójú.

Èyí tó tẹ̀ lé e burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ká kọ ìwé lórí bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣeré. Mo kọ ọ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìwé ẹgbẹ́ obìnrin ni mo fà yọ nínú báàgì tí mo sì fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ wa dìde níwájú gbogbo kíláàsì, ó ka orúkọ àwọn obìnrin tí kò tíì mú ìkòkò wọn wá fún ìkórè, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni ìkẹyìn. Ó ní òun ò mọ̀ pé báyìí ni àwọn ọmọ Ìkìrun ṣe ń ṣeré. Odidi oṣù kan ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Ìkórè.

Ó wá ku ìdánwò ìkọ́ni, tó jẹ́ baba gbogbo wọn. Olùkọ́ kan máa wá láti sẹ́ńtà, á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á wo bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá kùnà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ mi. Ọlọ́gbọ́n èèyàn á jókòó sílé, á kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, á gé páálí tó fẹ́ fi kọ́ wọn. Èmi gba ilé Ìyá Àdúrà lọ.

Ìyá Àdúrà ni aríran ìjọ wa. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ Ọlọ́run, pé ọkàn mi ò dúró sójú kan. Wọ́n gbàdúrà títí, wọ́n ní ẹnu mi ló ń gbé ọkàn mi rìn káàkiri. Kí n gba ààwẹ̀ àìsọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti ìdájí di agogo méjìlá ọ̀sán. Tí mo bá fi lè la ẹnu sọ̀rọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ka ọjọ́ lórí ìka: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú ni màá fi múra, Ọjọ́bọ̀ ni màá yege. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan pé tíṣà wọn ti fi kíláàsì lé mi lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò náà, pé inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni màá ti kọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta.

Mọ́mì ti fi ọmọbìnrin kan tì mí, Bùkọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó lè máa wo bí a ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kọ̀wé sí i pé kó bá mi jẹ́ ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Ó ń kọrin, mò ń pàtẹ́wọ́. Ó ń ka ìtàn, mò ń fi ọwọ́ ṣe etí ehoro. Agogo méjìlá lù, ilé ò jó. Mo tilẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé ọkàn mi ti ń dúró.

Ní ọjọ́ kejì, bí agogo mẹ́wàá ṣe ń lù, Mọ́mì wọlé, ọkùnrin kan tó dé fìlà sì tẹ̀ lé wọn. Olùkọ́ láti sẹ́ńtà ni. Ó ní nǹkan mìíràn ti bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, pé òun ti Ìkìrun bọ̀, òun ní kí òun kúkú yà lójú ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo foríbalẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Mọ́mì wò mí, wọ́n béèrè bóyá ara mi ò yá. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé: mo wà nínú ààwẹ̀, mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí agogo méjìlá.

Ọkùnrin náà kà á sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ti kọ́ pé ohunkóhun tí àgbà bá kà lójú pátákó, kí wọ́n kà á tẹ̀ lé e, gbé e lẹ́nu, gbogbo wọn pọ̀, pé àwọn wà nínú ààwẹ̀, àwọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìyáàfin, àwa náà ń gbààwẹ̀. Odidi oṣù kan ni tiwa, a sì máa ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́dọ̀ wà ní Òkukù kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ ṣe èyí tẹ́ ẹ bá lè ṣe."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run àti ẹ̀rù Ìyá Àdúrà pọ̀ lára mi, mi ò sì lè sọ èwo ló pọ̀ jù. Wákàtí méjì péré ló kù kí ọjọ́ mẹ́ta pé. Mo ní kí n forí tì í.

Ìṣírò oókan dé àárùn-ún ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Páálí tó yẹ kí n ti gé ṣì wà nílé. Mo bu ẹ̀wà díẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo gbé ẹyọ kan sórí tábìlì, mo na ìka kan. Wọ́n ń wò mí. Mo gbé ẹyọ méjì, mo na ìka méjì. Ọmọ kan ní Àńtí ti yadi. Ìkejì rẹ̀ bú sẹ́kún. Níbi tí mo ti ń gbé ẹni tó ń sunkún, mo rí i tí ọmọ mìíràn, Àríkẹ́, ń ki ẹ̀wà bọ ihò imú rẹ̀, tó ń tì í lọ sókè. Mo pàtẹ́wọ́, mo nàka, mo fẹsẹ̀ jálẹ̀. Ó rò pé eré ni, ó tún mú ẹyọ kejì.

"Imú ẹ!" Bí mo ṣe kígbe nìyẹn. Gbogbo ohun tí olùkọ́ náà gbọ́ lẹ́nu mi nínú ìdánwò ìkọ́ni nìyẹn, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sì bá a lọ.

Mo gbé Àríkẹ́ lé ẹsẹ̀, mo di ihò imú kan, mo ní kó fọn imú. Kí ẹ̀wà tó jábọ́, Bùkọ́lá ti kó àwọn tó kù jọ. Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń ka bàtà, wọ́n ń ka ìka ẹsẹ̀, ohùn wọn gba gbogbo ilé. Orin tí èmi kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ló ń kọ. Ọkùnrin náà béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Mọ́mì. Ìgbà tí mo dìde, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó ti pa fáìlì rẹ̀ dé.

Ó ní, "Ìyáàfin, èèyàn dáadáa ni yín, mo rí bẹ́ ẹ ṣe yọ ẹ̀wà yẹn. Ṣùgbọ́n ìkọ́ni ni mo wá wò, mi ò sì rí i. Ẹ máa bá àwọn tọdún tó ń bọ̀ ṣe é."

Mo wọ yàrá tí a ń kó ẹní sí, mo sunkún débi tí ojú mi wú. Lálẹ́ yẹn ọkàn mi gbóná sí Ìyá Àdúrà, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ́ tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kó o gbà á lọ́jọ́ iṣẹ́? Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́ tí ilé ìwé yín máa gba ìsinmi. O ò bi mí, mi ò sì mọ̀ pé o ń dúró kọ́ ọmọ láràárọ̀." Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ibi tí mo ti lè mú un. Mi ò sọ fún wọn pé ìdánwò wà lọ́sẹ̀ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Sáà tuntun wọlé, Mọ́mì ò dúró dè mí, wọ́n gbé kíláàsì fún Bùkọ́lá. Lọ́dún kejì mo tún ìdánwò náà ṣe, mo sì sọ̀rọ̀ débi pé olùkọ́ tó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sọ díẹ̀. Mo yege. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ bá Mọ́mì, wọ́n gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kí mi kú oríire. Wọ́n ní kò sí kíláàsì tó ṣófo.

Ohun tí mo kọ́ ò pọ̀. Àdúrà dára, mo ṣì ń gbà á, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í bá ẹnikẹ́ni gé páálí. Ọkàn tí mò ń wá lọ sílé aríran, ìdí iṣẹ́ mi ló yẹ kí n ti wá a. Mo ti kọ̀wé fi ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọn ò tíì rí ẹlòmíì fi síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pè mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òbí tuntun kan mú ọmọ rẹ̀ wá. Mo na ọwọ́ pé kí n gbà á. Ó wo ìwérí mi, ó wo póò tó wà lọ́wọ́ mi kejì, ó rọra fà sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe tíṣà tó kàwé." Mo pe Bùkọ́lá. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, kó tó kọjú sí obìnrin náà. Mo gbé póò mi, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.