Oronzo Já Fìlà Láúrù Gbà

Oronzo jẹun ọ̀sán yó, ó sùn sórí àga, oorun bá dè é mọ́lẹ̀.

Ojú là rangandan, ara kọ̀! Ó ní kí ọwọ́ dìde, ọwọ́ ní òun ò lọ. Ó fẹ́ pe Addolorata ìyàwó ẹ̀, "hìn-ìn" lásán ló ń ti imú jáde. Òun fúnra ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wa pé òun gbàdúrà, àmọ́ àdúrà oúnjẹ nìkan ló wá sóun lọ́kàn.

Ẹ sì wo ẹni tó ń gbàdúrà! Oronzo yìí kan náà ló máa ń fi gbogbo ará agbègbè Salento ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. "Láúrù kankan ò sí! Ọtí ló ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀!"

Láúrù ni egbére tibẹ̀. Kì í gbé ẹní ní tiẹ̀, fìlà pupa ló máa ń dé, orí àyà ẹni tó ń sùn ló sì máa ń jókòó sí. Tóo bá já fìlà yẹn gbà, dandan ni kó sọ ibi tí góòlù wà fún ẹ.

Góòlù gan-an sì ni wàhálà Oronzo. Ọdún mẹ́rin rèé tí ṣéènì góòlù Màmá Pompilia, ìyá ìyàwó ẹ̀, ti dàwátì. Láti ọjọ́ náà, Oronzo lolè lójú wọn. Bí wọ́n bá se adìyẹ lọ́jọ́ Sunday, ọrùn ni wọ́n ń bù fún un.

Ọrùn! Fọ́dún mẹ́rin!

Ó bá gbọ́ ẹsẹ̀. Wọ́, wọ́, wọ́. Òórùn aáyù gba gbogbo yàrá.

Gbì! Nǹkan dé sórí àyà ẹ̀.

Orí ẹ̀ pupa fòò!

"Mo gbé! Láúrù rèé!" Oronzo tiraka. Ìka kan mì. Èkejì mì. Fàà! Ó já a gbà.

"Góòlù dà?"

"Yéè! Irun mi!"

Màmá Pompilia ni, orí ń dán gbinrin.

"O ò kú? Mo ní kí n gbọ́ bóyá ọkàn ẹ ṣì ń lù ni! Addolorata ti lọ ké sáwọn ará àdúgbò! Gbé wíìgì pupa mi wá, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń dé e, ẹnì kankan ò tíì mọ̀!"

Oorun ò tíì dá lójú Oronzo. "Góòlù dà?"

Ẹsẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn, gìrì-gìrì-gìrì.

"Ó wà nínú ìkòkò ẹ̀wà! Èmi ni mo fi í pamọ́!"

Oorun dá wáí. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi í pamọ́, Màmá?"

"Kí o má baà jí i ni!"

Ẹ̀rín ń pa mí o!

Oronzo ju wíìgì sí i, ìyá dé e, ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Addolorata já wọlé, ìdajì àdúgbò tẹ̀ lé e.

"Ìyá mi! Kí ló ṣe orí yín?"

"Láúrù ni! Òun náà ló jí ṣéènì mi sínú ìkòkò ẹ̀wà! Oronzo, ṣé o rí i àbí o ò rí i?"

Gbogbo ojú yí sí Oronzo. Onígbàjámọ̀ gan-an wà níbẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Oronzo wo ìyá, ó wo onígbàjámọ̀, ó rántí ọrùn adìyẹ.

"Mo rí i kedere," ló wí. "Ó kúrú, ó sanra, ó ń rùn fún aáyù."

Màmá Pompilia já a léèékánná nídìí.

"Láúrù náà sì ní látòní lọ, itan adìyẹ ni kẹ́ ẹ máa bù fún mi."