Fortunée Gbé Ìbejì Oníbejì Jó

Ní Ifangni, ẹ lè rí ẹni tí kò mọ ọ̀nà mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ẹni tí kò mọ Madame Fortunée. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rí sí i pé wọ́n mọ òun. Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló fi ń bá àwọn ìyá tó ń ṣòwò tọ́jú ọmọ, àmọ́ ẹ má dán an wò kí ẹ pè é ní olùtọ́jú ọmọ. "Directrice ni mí, ọ̀gá pátápátá," ni yóò wí, yóò sì dúró kí ẹ tún un pè.

Ìwé àṣẹ ni ayé rẹ̀. Kí ó tó wẹ ọmọ, òbí á buwọ́ lùwé. Kí ó tó fún un lẹ́kọ mu, òbí á buwọ́ lùwé. Bí ẹ̀fọn bá bà lé ọmọ létí, Fortunée Ẹ-buwọ́-lù-ú-kí-n-tó-mí á kọ́kọ́ rò ó bóyá òbí ti fọwọ́ sí i kí ó tó lé e.

"Ẹni tó gbọ́mọ láìgbàwé, ẹjọ́ ló gbé pọ̀n," ni ó máa ń wí, bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa ló pa òwe náà.

Fàúzíyàtù onígàrí wá bí ìbejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò yé sọ fún un pé kí ó gbé wọn jó lọ́jà bí wọ́n ti ń ṣe é, kí ayé bá a yọ̀. Ó wu Fàúzíyàtù tọkàntọkàn, àmọ́ gàrí kì í ta ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gbé àwọn ọmọ sílẹ̀, ó ro ẹjọ́ náà fún Madame.

Etí Madame nà. Ó ti rí ìyá ìbejì lọ́jà rí, ó mọ bí ẹ̀wà àti adìẹ ṣe ń wọlé fún wọn. Ṣé kí irú oore bẹ́ẹ̀ ṣòfò nítorí gàrí?

"Ìyá Ìbejì, ẹ buwọ́ lu èyí. Promenade ni, ká kàn rìn díẹ̀. Atẹ́gùn dára fún ọmọdé."

"Ibo lẹ̀ ń gbé wọn lọ, Madame?"

"Ìta níbí ni. C'est le règlement, òfin ni."

Fàúzíyàtù buwọ́ lù ú. Kò tíì dé ìsọ̀ rẹ̀ tí Fortunée ti fi àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀ fún Sadatou tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan sáyà, ó gun ọ̀kadà zémíjàn, ó di ọjà Lagbé, níbi tí ojú kò ti mọ̀ ọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wù ú kí wọ́n má mọ òun.

Ó mà jó o! Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ó ń rẹ̀dí bí ọmọge. Àwọn ọlọ́jà gbè é lórin. Ẹ̀wà kún igbá, epo kún ìgò, adìẹ méjì ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń fọkàn jó lọ sí ọjà Daagbé.

Ni Táyé bá figbe ta, Kẹ́hìndé náà sì gbè é.

"Ebi ń pa wọ́n," ni Ọyáyẹmí, ìyá àgbà kan tó ń ta ọṣẹ, wí. Ó gbé àpótí kalẹ̀. "Ìyá Ìbejì, jókòó, fún wọn lọ́mú."

"Wọn... wọn kì í mu ún lásìkò yìí."

"Ẹkún yìí ńkọ́? Ká bùbá sókè jàre. Obìnrin ni gbogbo wa."

Wọ́n mú un jókòó. Ọwọ́ ẹnì kan ti kan etí bùbá rẹ̀. Madame wá irọ́ tì, ni ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu bá já jáde fúnra rẹ̀:

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Àwọn òbí wọn ò tíì buwọ́ lu ti ọmú!"

Ọwọ́ kúrò létí bùbá rẹ̀. Adìẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Àwọn òbí wọn kẹ̀? Ta wá ni ìwọ?" ni Ọyáyẹmí bi í.

"Directrice ni mí," ni ó fohùn wẹ́ẹ́rẹ́ wí.

Ẹ̀rín sọ, lẹ́yìn náà ni inú bí wọn. Abiyamọ kan gba àwọn ọmọ, ó fún wọn lọ́mú. Ohun tí a fún ìbejì, a kì í gbà á padà, nítorí náà wọ́n di gbogbo rẹ̀ lé Madame lórí, ó jẹ́wọ́ ibi tí ìyá wọn wà, wọ́n fà á wọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó di ìdí ìsọ̀ gàrí ní Ifangni.

Fàúzíyàtù gba àwọn ọmọ rẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò látorí dé ẹsẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fọkàn tán yín, Madame."

"Ẹ... ẹ buwọ́ lù ú."

Fàúzíyàtù kẹ̀yìn sí i. Ó pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan sáyà, ó fi gàrí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Gbogbo ọjà gberin. Fortunée ń ru ẹrù tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ ń wọ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ ju ẹ̀bùn sí igbá, á wá yà sí ọ̀nà ilé Madame láti lọ gbé ọmọ tirẹ̀. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró, ẹrù ìbejì wà lórí rẹ̀.