Páálí Ṣúgà Tí Tísà Gilbert Fi Ta Pókà

Tísà Gilbert ti gbé páálí ṣúgà ìyàwó ẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀ wọn kí èmi Simeon tó jókòó.

Ṣúgà o! Ní 1984! Nígbà tí ṣúgà di góòlù n'Íjẹ̀bú-Òde! Wákàtí mẹ́ta gbáko ni Rachel ìyàwó ẹ̀ fi tò lórí ìlà kó tó rí páálí kan ṣoṣo yẹn rà, torí ìyá ẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbefun lọ́jọ́ kejì. Ìyá yẹn kì í mu tíì tí ṣúgà inú ẹ̀ ò bá tó hóró mẹ́fà.

"Tísà, ṣé ìyàwó yín mọ̀?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò lè pàdánù."

Ìgbà tí Tísà ṣe agùnbánirọ̀ ní Kàdúná ló kọ́ pókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì. Àwa mẹ́fà la máa ń ta á ní Sátidé. Lọ́jọ́ yìí, èmi, òun àti Wàhábì télọ̀ nìkan ló kù. Kálukú gbé ṣúgà tiẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ tà á dópin gbọ́dọ̀ kó ṣúgà tó tó tìẹ sílẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ju káàdì ẹ̀ nù, kó sá. Tẹ́ ẹ bá ṣí káàdì, ẹni tó ní méjì tó jọra ló máa jẹ ẹni tí ò ní.

Tísà wúkọ́, bí ẹni wà ní kíláàsì.

"Tá a bá pọ̀, ẹ rọra. Àmọ́ àwa mẹ́ta péré! Hóró kan á dẹ́rù ba ta ni? Ẹ gbé e wúwo! Wọ́n á sá!"

Gbàù! Ó fi hóró mẹ́rin lélẹ̀. A sá.

Gbàù! Mẹ́jọ. A tún sá.

Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, GBÀÀÀÙ! Odindi páálí!

Mo ju káàdì mi nù kíá.

Wàhábì wo páálí. Ó wo òrùlé. Ó ti gbogbo ṣúgà ẹ̀ síwájú. Ó gbé agolo mílíìkì lé e. Ó yọ sísọ́ọ̀sì lápò, ó gbé e lé e. Ó wá bọ́ fìlà.

"Tísà, ṣé ó tó?"

Òógùn bo Tísà. "Ó... ó tó."

Wọ́n ṣí káàdì. Tísà ò ní méjì tó jọra! Wàhábì ní káàdì eéjì méjì, èyí tó kéré jù lọ.

Eéjì lásánlàsàn! Ẹ̀rín ń pa mí kú lọ!

"Wàhábì! Eéjì lo fi tẹ̀ lé odindi páálí? Kí ló dé tó ò sá?"

Wàhábì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Tísà. Ìtìjú yín ni mi ò fẹ́. Simeon ti sá. Nílé wa l'Áyépé, tí onílé bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí gbogbo àlejò bá sá, a jẹ́ pé oró wà nínú ẹ̀ nìyẹn."

Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Rachel ló dúró síbẹ̀, òun àti ọmọrogùn tó fi ń rokà.

"Ta ló ní oró wà nínú ṣúgà ìyá mi?"

Fèrèsé ni mo gbà jáde. Mi ò dúró mú bàtà.