Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán Tún Àjà Pálọ̀ Rẹ̀ Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ki ọkùnrin náà kí n tó ròyìn rẹ̀. Mọ̀ọ́tán, ọkọ òòlù, àna ìṣó! Afẹnu-kan-ìṣó-mọ́-àpáta! Akọ̀wé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó ti tábìlì, síbẹ̀ kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ ò lè ṣe. Bí káfíńtà bá ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa, Mọ̀ọ́tán á lọ dúró tì í, á kọ́wọ́ sẹ́yìn, á ní, "Wọn kì í ṣe é báyẹn." Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní òun ní ìpàdé.

Lọ́jọ́ kan ni páìpù bẹ́ ní balùwẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Omi ya lu àjà pálọ̀, àjà já lu àga. Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín músẹ́ ni Mọ̀ọ́tán ń rín. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń dáwó fún iléeṣẹ́ adójútòfò pé bí ilé òun bá bàjẹ́, kí wọ́n bá òun gbé e.

Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì fèsì kíá. Wọ́n ní bó bá wù ú, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Kó ṣáà tọ́jú rìsíìtì ohun tó bá rà, àwọn á dá owó rẹ̀ padà, àwọn á sì fi díẹ̀ lé e fún làálàá rẹ̀.

"Díẹ̀ kẹ̀?" ni Mọ̀ọ́tán wí. "Ṣé èmi ni wọ́n ń fún ní díẹ̀?"

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká pe púlọ́ńbà," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Púlọ́ńbà tí èmi lè kọ́ níṣẹ́?"

Ló bá jókòó, ó mú bírò. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gba púlọ́ńbà kan, káfíńtà méjì àti akunlé kan, pé ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, kí iléeṣẹ́ san owó wọn fún òun. Ó bá wọn fọwọ́ síwèé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ tẹnìkan sọ́tùn-ún, ó tẹ tẹnìkan sósì. Akunlé nìkan ló ní kó tẹ̀ka, ó ní akunlé kì í sábà kàwé. Àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló fi bá a tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tòótọ́ kò ju ọjọ́ méjì lọ. Ó fi rọ́bà wé ẹnu páìpù, ó da gọ́ọ̀mù lé e, ó kan pákó pẹlẹbẹ bo ihò àjà, ó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ká sọ tòótọ́, ó dán. Àjà náà yọkùn díẹ̀ bí ẹni tó yó, ṣùgbọ́n ó dán. Ó wá kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣí omi òkè títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ.

Ta ló máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí kò ní pe ayé wá wò ó? Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó kó wa jọ sí pálọ̀: èmi, aránṣọ òdìkejì, àti Ìyá Àgbà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn. Obìnrin kan tó gbé fáìlì há abíyá bá wa wọlé. Mọ̀ọ́tán ṣe bí oníbàárà aránṣọ ni, ó kí i káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ yìí!" Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wa. "Òun nìkan ló ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni obìnrin náà wí. "Kò sí oníṣẹ́ kankan tó bá yín dá sí i?"

"Oníṣẹ́? Nínú ilé tèmi? Ẹsẹ̀ oníṣẹ́ kankan ò tẹ ibí!"

"Ọjọ́ mélòó ló gbà yín, sà?"

"Méjì péré! Ẹlòmíràn ì bá lo oṣù kan."

Obìnrin náà ṣí fáìlì. "Èmi ni iléeṣẹ́ adójútòfò ní kí n wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Púlọ́ńbà kan, káfíńtà méjì, akunlé kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ kọ ránṣẹ́ sí wa. Àwọn wo nìyẹn, sà?"

Ẹnu tó ń kan ìṣó mọ́ àpáta kò rí ìṣó kàn mọ́.

"Ẹ̀... àwọn ni wọ́n ṣe é," ni Mọ̀ọ́tán wí. "Àwàdà ni mò ń bá àwọn ará àdúgbò ṣe. Èmi tí n kò mọ òòlù yàtọ̀ sí ọmọ odó!"

"Háà!" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọwọ́ tó o nà sí wa lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ta ni?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán iṣẹ́ wọn wò," ni obìnrin náà wí. "Ẹ bá mi ṣí omi òkè."

Mọ̀ọ́tán ní gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti gun àtẹ̀gùn dé òkè. A gbọ́ tí omi ń sáré bọ̀ nínú páìpù. A gbọ́ pọ́ọ̀! Ajá téèyàn so a máa dúró síbi tí wọ́n so ó mọ́. Àjà tí Mọ̀ọ́tán kàn kò dúró. Ó já lu olówó rẹ̀ lórí, òun àti omi àti ọ̀dà. Aránṣọ sá jáde. Nígbà tí Mọ̀ọ́tán dìde, ó funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni obìnrin náà wí, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú àwọn oníṣẹ́ yẹn wá, ká fẹjọ́ wọn sùn. Tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé irọ́ lẹ pa, ká fagi lé gbogbo ohun tẹ́ ẹ béèrè, kọ́rọ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá."

Báyìí ni adójútòfò ṣe di adójútini. Mọ̀ọ́tán gba bírò àti ìwé tí obìnrin náà yọ nínú fáìlì. Ọ̀dà ti dí i lójú, kò rí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìwé náà kó bá a kà á.

"Rọra kà á sí mi létí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. "Ìyàwó, kà á sókè jàre, etí mi ò gbọ́ dáadáa."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo pálọ̀ tó di odò lẹ́ẹ̀kejì. Ó húkọ́ díẹ̀, ó sì gbóhùn sókè: "Èmi tí mo fọwọ́ síwèé yìí jẹ́wọ́ pé kò sí púlọ́ńbà, kò sí káfíńtà, kò sí akunlé..."

"Dúró níbẹ̀ ná," ni Ìyá Àgbà wí. "Aránṣọ ti ń padà bọ̀. Jẹ́ kó wọlé, kó o tún un bẹ̀rẹ̀."